Ọrun Tó Wà Nílẹ̀

Oníbìínú ènìyàn ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ọkọ mi nìkan ló jẹ̀bi nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ilẹ̀ tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún un wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀yà, lẹ́yìn ilé wa gan-an. Oko ọ̀pẹ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀pẹ náà ga kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gùn mọ́, ọkọ mi ní kí wọ́n gé èyí tó wà láàárín, kí ibẹ̀ lè tẹ́jú. Ẹ̀gẹ́ ni mo rò pé ó fẹ́ gbìn, inú mi sì dùn. Àṣé ọfà ló fẹ́ máa ta níbẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọ́n rán an lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọfà títa, ọrun kan tó mú bọ̀ láti ibẹ̀ ló sì wà lára ògiri yàrá wa láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọrun yẹn ni ìyálé mi.

Bí ẹgbẹ́ tafàtafà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò pọ̀. Èmi àti ọkọ mi wà níbẹ̀, káfíńtà kan láti Ìjù-Odò tó ń bá wa gbẹ́ ọrun, ìyá kan nínú ìjọ Aládùúrà tó wà nítòsí wa, àti àwọn àgbẹ̀ mélòó kan tó máa ń yà ní àárọ̀ Sátidé kí wọ́n tó lọ sóko. Kò sí ẹni tó ń gba nǹkan kan. Ẹni tó bá wá ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà ní ká kúkú máa yìnbọn níbẹ̀ pẹ̀lú, pé ìbọn ọdẹ wà nílé òun. Ọkọ mi ní rárá, pé ariwo ìbọn kò ní jẹ́ kí adìẹ ìyàwó òun yé. N kò sin adìẹ rí láyé mi.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ju títa ọfà lọ. Ní ìparí pápá, a mọ òkìtì erùpẹ̀ pupa kan tó ga ju ènìyàn lọ, kí ọfà tó bá ṣìnà lè wọ inú rẹ̀, kó má baà wọ oko olóko. Ẹ̀yin náà mọ òjò ilẹ̀ wa. Bó bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òkìtì a ti wálẹ̀, àwa náà a tún máa fi pánù ru erùpẹ̀ padà sókè. Àwọn tó ń kọjá lọ sí Ìkọ̀yà a dúró, wọ́n a béèrè pé ta ló kú. Níwájú òkìtì náà ni a gbé àwọn àpò tí a ń ta lọ́fà sí. Ihá la ń kì sínú wọn, ìyẹn èyí tó máa ń ṣẹ́kù bí àwọn obìnrin bá ti fún epo pupa tán. Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sí ohun tó rọrùn láti rí tó ihá. Lọ́dún àkọ́kọ́, a kò sá a kó gbẹ kí a tó kì í, gbogbo ọfà tí a bá fà yọ ló ń kán epo. Ìyá Aládùúrà wọ aṣọ funfun rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, ó kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ti ibi ìfúnpo bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni mo kì àpò náà.

Òun náà ló fún wa ní agogo. Ìjọ wọn ra tuntun, ó sì bá wa gba ògbólógbòó tó ní ìdìmú igi. Bí ọkọ mi bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọfà. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo wa á dáwọ́ dúró, a ó gbé ọrun wa sílẹ̀ lẹ́yìn ọparun tí a tẹ́ sílẹ̀ bí ààlà, a ó sì lọ fa ọfà wa yọ nínú àpò. Ọkọ mi nìkan ló ń lu agogo náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ọfà títa fúnra rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ a sì le bíi ti ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó fẹ́ máa ka orí wa bí a bá ti ibi òkìtì padà, kó lè mọ̀ pé a ti pé kó tó lu agogo. Ìyá Aládùúrà yarí. "Ẹ má kà wá o! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Àwọn àgbẹ̀ náà gbè é lẹ́yìn. Ọkọ mi kò bá wọn jiyàn, torí ìyá tó bí òun náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ rẹ̀ rí. Ni a bá fẹnu kò pé ọrun la ó máa wò. Ẹni tó bá padà dé á gbé ọrun rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bí ọrun kan bá ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó ni ín kò tíì dé nìyẹn, agogo kò sì gbọdọ̀ dún. Òfin náà dára. Ó gbọ́n ju kíka orí lọ, mo sì máa ń fi yangàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé ojú ni yóò rí ọrun tó wà nílẹ̀.

Sátidé kan lẹ́yìn òjò ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọfà mi kan ti fò kọjá lórí òkìtì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbọ̀nwọ́ mi náà ń bínú bíi tèmi. Nígbà tó lu agogo pé ká dáwọ́ dúró, mo gbé ọrun mi sílẹ̀ ní ìparí ọparun, níbi tí koríko ti hù díẹ̀. Èmi ló sì yẹ kí n ti gé koríko náà. Mo bá àwọn yòókù lọ síbi òkìtì, mo wá yí gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ wá ọfà mi láàárín ewé kókò. Mo pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń padà. Mo rí ọfà náà, mo sì ń yọ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì nígbà tí agogo dún lẹ́ẹ̀kan.

N kò tíì ro ohun tó túmọ̀ sí tán tí ọfà káfíńtà fi wọ inú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá na ọwọ́ mi, mo lè dì í mú. Ìyẹ́ ìdí rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ìyá Aládùúrà ké "Jésù!", káfíńtà sì ju ọrun rẹ̀ nù bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú.

Ẹ̀rù kò bà mí nígbà náà. Inú ló bí mi. Mo gba àárín pápá bọ̀, mo ń pariwo: "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ ò rí ọrun mi nílẹ̀?"

"Ọrun wo?" ni ọkọ mi wí.

Ibi tí ọrun náà wà gan-an ló kọjú sí. Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo ti la ẹnu láti fi kún èébú mi nígbà tí mo rí i tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, tó ń fi ìka ẹsẹ̀ wá a kiri nínú koríko, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá sálúbàtà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ọrun náà. Ó dúró. Ó ní, "Áà." Ìbínú mi tán síbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí ojú mi là. Tíì tó máa ń dà kọjá ẹnu ife. Ọwọ́ tó máa ń fi tọ ara ògiri bó bá ń lọ sẹ́yìnkùlé. Láti bí oṣù mélòó kan, ó ti ní kí n máa ka Sáàmù fún òun láràárọ̀, pé ohùn mi ń tu òun lára. Ohùn mi! Mo ti ń fi ṣakọ; mo tilẹ̀ máa ń mu omi gbígbóná kí n tó kà á, kó lè dùn sí i. N kò mọ̀ pé kò rí ìwé náà mọ́ ni.

Nílé ìwòsàn, dókítà ojú sọ fún wa pé àrùn kan ti ń jí ojú rẹ̀ gbé tipẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìdùn ún. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Oògùn tí a ó máa kán sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló lè bá wa di èyí tó kù mú. Lójú ọ̀nà, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Wàá gba agogo lọ́wọ́ mi," ó wí.

Òótọ́ ni. Ǹ bá ti gbà á.

Kó tó di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti wé agogo náà sínú aṣọ ìnujú, ó gbé e fún káfíńtà. Ó ní, "Bí ọsán bá já, ọrun a di ọ̀pá." Káfíńtà sunkún, torí ọfà tirẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí, kò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kí ọkọ mi máa wá, kó kàn wá jókòó. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò gbọdọ̀ wá. Ẹ̀rù ti wá ń bà mí nígbà náà, ẹ̀rù sì máa ń di ìbínú lára mi. Mo sọ fún un lójúkojú pé ibi tí wọ́n ti ń ta ọfà kì í ṣe ibi tí afọ́jú ń wá. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó kàn ní kí n wá kán oògùn sí òun lójú. Mo kán an, omijé tèmi náà sì kán sí i níwájú orí.

Sátidé mẹ́ta ló fi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń gbọ́ agogo láti ọ̀dọ̀ wa. Bí mo bá padà, á bi mí bóyá òkìtì ti tún wálẹ̀, bóyá a ti tún àpò àárín kì. Ó ní ọfà tó bá wọ àpò yẹn ti ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá lu ìrọ̀rí. Mo lọ wò ó. Ihá inú rẹ̀ ti jẹrà. Gbogbo àwa tí ojú wa là la wà níwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé kẹrin, ó ní òun fẹ́ bá mi lọ. Mo ní rárá, a sì jà. Nígbà tí mo dé pápá, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo ta ọfà mi, mo lọ fà wọ́n yọ, mo padà, mo gbé ọrun mi, mo dúró sí àyè mi láìla ẹnu. Káfíńtà wo ilẹ̀ dáadáa. Kò sí ọrun kankan níbẹ̀. Ó gbé agogo sókè.

"Ẹ dúró! Ẹ má lù ú!"

Láti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa ni ohùn náà ti wá. Ọkọ mi ń bọ̀ láàárín àwọn ọ̀pẹ, ó ń sáré, bí ẹni tí kò ríran ṣe lè sáré mọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti já bọ́. Ọ̀pá kan ló fi ń wá ọ̀nà níwájú, ìgbà tó sì súnmọ́ wa ni mo rí i pé ọrun tó wà lára ògiri yàrá wa ni. Ó ti tú ọsán rẹ̀.

"Ìye ọma mi dà?" Bó bá ti ń dààmú, Ìkálẹ̀ ilé ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu, ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń béèrè. Ó ń mí gúlegúle. "Gbogbo yín ti padà, mo gbọ́ ohùn yín. Mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ìye ọma mi dà?"

Mo wà níbẹ̀. Kò ju ìwọ̀n ọparun kan lọ sí i. Kò sí ewu kankan lọ́jọ́ náà. Mo kàn ń bínú ni, mo sì dákẹ́, ìdákẹ́ mi ló gbé e dìde lórí àga tó fi sáré gba inú igbó.

"Mo wà níbí," ni mo wí.

Ó yí sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú mi níwájú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. "Wo ti dé," ó wí. "Wo ti dé." Mo sunkún bí ọmọdé. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ afọ́jú tí mo sọ, ó ní òun ti gbàgbé. Irọ́ ló ń pa.

Káfíńtà kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wá, ó fi agogo náà sí ọkọ mi lọ́wọ́. Ìyá Aládùúrà ní, "Ohùn kì í ṣe orí, Bàbá. Ẹ máa kó ohùn wa jọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí di òní. Káfíńtà á fi ojú wo ilẹ̀, á ní kò sí ọrun. Ọkọ mi á dúró lẹ́yìn ọparun, á fi ìka di ahọ́n agogo mú kó má baà dún, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa á sì ní "Mo ti dé." Bí ojú káfíńtà àti etí ọkọ mi kò bá ṣọ̀kan, kò sẹ́ni tó ń ta ọfà. Òkìtì ṣì ń wálẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Èmi ni mo ń gé koríko ìparí ọparun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìsí ẹni tó ń rán mi létí. Ojú rẹ̀ kò sàn. Èyí tó kù náà ń dín kù, àwa méjèèjì sì mọ̀.

Èmi ni mo máa ń dáhùn kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi kò yá bíi tàwọn yòókù mọ́, ọfà mi sì ń fò kọjá òkìtì síbẹ̀. Bí mo bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gbogbo pápá á dákẹ́, wọ́n á máa dúró dè mí. Mo lè pariwo láti òkèèrè kó gbọ́. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí apá mi á fi kan tirẹ̀, kí n tó sọ pé mo ti dé.