Kámẹ́rà fún Ọ̀rọ̀ Ọwọ́

Baba Ó-Dáa ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aránbàtà ni. Bí o bá gbé bàtà tó ya ẹnu wá fún un, yóò wò ó, yóò yí i po, yóò ní, "Ó dáa." Bí o bá wá gbà á, tí o ń dúpẹ́ títí, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Láti kékeré ni etí obìnrin náà ti di. Ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀hún kì í sì í sinmi. Ó ń fi í bú oníbàárà tó bá gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé, ó ń fi í dá àpárá, ó ń fi í sín ọkọ rẹ̀ jẹ. Èdè ọwọ́ tiwọn kò mọ "ẹ̀yin" fún àgbà. Ìka tí ó ń nà sí ọmọ náà ló ń nà sí ọkọ.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ọkọ, ní ìlú tó jìnnà. Etí tirẹ̀ gbọ́ kedere, ó sì gbọ́ èdè ọwọ́. Ó lóyún, oyún náà ti wọ oṣù ìkẹyìn. Orúnkún ìyá rẹ̀ kò gba ìrìn àjò mọ́. Fóònù ló kù, Baba Ó-Dáa ló sì ń ṣe ògbufọ̀. Ìyàwó á sọ, á tún sọ, á dìde dúró sọ. Bàbá á fi ẹnu sí fóònù, á ní, "Ìyá rẹ kí ọ."

"Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?" ìyàwó á fọwọ́ bi í.

"Ó wà nínú ẹ̀."

"Odindi ìkòkò ni mo sè. Ṣíbí kan lo gbé dé ọ̀hún!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà pè. Ó kí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má sọ fún Màmá o. Ọmọ inú mi yìí, ṣé kò ní dà bíi Màmá? Ṣé á gbọ́ràn? Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò rí oorun sùn."

Bàbá gbé fóònù sí etí kejì. "Sùn," ló ní.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán awọ.

"Kí ló sọ?"

"Ó kí ọ."

"Irọ́. Ojú rẹ kò jọ ti ẹni tí wọ́n ní kó kí mi."

Ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, kò ríbi sá sí. Ó sọ fún un. Ọwọ́ obìnrin náà méjèèjì dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé wọn sókè.

"Èmi fúnra mi ni mo máa dá a lóhùn. Ọwọ́ mi ni kó rí. Mi ò fẹ́ ẹnu rẹ. Wá kámẹ́rà."

Obìnrin tó ń ta kámẹ́rà àlòkù ní òpópónà kejì kó mẹ́ta síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó. Eléyìí ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Ó dára, ṣùgbọ́n kámẹ́rà yìí náà lẹ máa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó lè wò ó. Eléyìí ń lo káàdì, tó kéré bí èékánná. Òun ni wọ́n ń béèrè jù báyìí, àmọ́ ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà. Eléyìí ń lo àwo síídì kékeré. Tẹ́ ẹ bá ti ya fídíò tán, ẹ tẹ ibí yìí kó lè pa àwo náà dé, kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ síídì, ó parí. Ta ló fẹ́ wò ó?"

"Ọmọ mi."

"Kí ló wà nílé wọn?"

Bàbá mú fóònù. "Kí ló wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín?"

"Ẹ̀rọ síídì ni, Bàbá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó dáa." Ó pa á.

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò tilẹ̀ kí wọn!"

"Èyí tó ń lo àwo ni mo fẹ́."

"Ó ku ohun kan. Ẹ wo bọ́tìnì yìí. Tẹ́ ẹ bá fi sí èyí tó mọ́ jù, ogún ìṣẹ́jú ni àwo kan gbà. Tẹ́ ẹ bá fi sí èyí tó gùn jù, ó gba wákàtí kan, àwòrán rẹ̀ kàn máa ṣe bàìbàì díẹ̀ ni. Fún fídíò inú ilé, èyí tó gùn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò."

Bàbá rántí ìyàwó rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú? Ìkíni nìkan á gbà á tán. Ó fi bọ́tìnì sí wákàtí kan kó tó kúrò níbẹ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bọ́ aṣọ olódòdó, ó wọ dúdú tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára, kí ọwọ́ lè hàn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Bàbá to páálí bàtà lé ara wọn, ó gbé kámẹ́rà lé e. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ títí àwo fi kún. Aago ara kámẹ́rà ni bàbá ń ṣọ́ ní tirẹ̀, kò ráyè wo ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú gíláàsì kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ó pa àwo náà dé, ó dì í dáadáa, ó fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọmọ náà pè. Ó ti sunkún.

"Bàbá, ojú Màmá hàn. Àmì dúdú abẹ́ ojú wọn pàápàá, mo rí i. Àmọ́ tí ọwọ́ wọn bá ti gbéra, ṣe ló ń fọ́, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sára gíláàsì. Àtàárọ̀ ni mo ti jókòó tì í. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo rí mú."

"Èwo?"

"Orúkọ mi."

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é, ìka kan ni. Yóò fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò sì dúró díẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ti dúró nìkan ni àwo náà rí mú.

"Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni? Àbí ẹ ti sọ ohun tí mo ní kẹ́ ẹ má sọ?"

"Mo sọ ọ́."

"Háà, Bàbá!"

"Dúró dè mí."

Ìkúnlẹ̀ ọmọ náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kámẹ́rà, ó padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà.

"Ó ń fọ́," ó ní.

"Kí ló ń fọ́? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ díẹ̀ kún un."

"Ọwọ́."

Obìnrin náà ní kó fi ọwọ́ rẹ̀ síwájú kámẹ́rà, kó máa mì í. Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń mi ọwọ́ lásán. Ó fi sọ "ọmọ," ó fi sọ "má bẹ̀rù." Obìnrin náà yà á lọ́nà méjèèjì, ó fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ní ti wákàtí kan, ọwọ́ bàbá di igun-mẹ́rin wẹ́wẹ́ tó ń sáré kiri. Ní ti ogún ìṣẹ́jú, èékánná rẹ̀ hàn, gúlúù bàtà tó gbẹ mọ́ ọn hàn.

"Kí àyè lè tó, èyí tó gùn máa ń já ohun tó bá ń yára sílẹ̀," obìnrin náà ní. "Ẹni tó jókòó, tó ń fẹnu sọ̀rọ̀, èèyàn ò ní mọ̀. Ẹ ò sọ fún mi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀."

"Ìwọ náà ò bi mí."

"Òótọ́ ni, mi ò bi yín. Ẹ gba àwo tuntun. Ẹ má wulẹ̀ sanwó, Bàbá. Ẹ tètè máa lọ."

Lójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ló ń ba bàbá lẹ́rù. Ó délé, ó ṣàlàyé.

"Ta ló ní kó o yan èyí tó gùn?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀."

Bàtà tó wà nítòsí ni obìnrin náà fi lù ú léjìká, kì í ṣe lílù gidi. Lẹ́yìn náà ó lọ wọ aṣọ dúdú. Bàbá fi bọ́tìnì sí èyí tó mọ́ jù, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ló ń wò.

Ìyàwó rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni kankan. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Nígbà tí mo lóyún rẹ, ẹ̀rù ba èmi náà. Ẹ̀rù pé wàá gbọ́ràn ló bà mí. Mo ní, ọmọ yìí máa lọ síbi tí ohùn wà, mi ò sì ní lè tẹ̀ lé e débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní etí rẹ gbọ́, mo sunkún. Bàbá rẹ rò pé ayọ̀ ni. O ò tíì lè rìn nígbà tó o fi ọwọ́ béèrè omi lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù mi lọ. Bí ọmọ tìrẹ bá gbọ́, kọrin fún un. Bí kò bá gbọ́, èmi lo bí yẹn. Ṣé èmi burú?"

Ó gbé ọwọ́ sílẹ̀. Àyè ṣì kù rẹpẹtẹ lórí àwo náà. Bàbá ń wá bọ́tìnì tí yóò fi dá kámẹ́rà dúró, kò rí i. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Sọ díẹ̀ kún un," ó ní.

"Ó tó."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwo náà dé ọ̀hún, ọkọ ọmọ wọn ló pè.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Látìgbà tó ti fi àwo yín sínú ẹ̀rọ ló ti wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ dá Màmá lóhùn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ṣé kí n dá a dúró?"

"Má dá a dúró o. Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹ̀n?"

"Sọ bó ṣe ń gbé e."

"Ó... ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Ó tì í síwájú. Ó kó apá méjèèjì jọ bí ẹni gbé ọmọ. Ó nawọ́ sí Màmá nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń ṣí ìka, ó ń pa á dé, bí ẹnu ẹyẹ."

Bàbá fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Bí ó ti ń gbọ́ ló ń fi ọwọ́ ṣe é, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sún àga mọ́ ọn. Ó ní kó tún ti ìkẹyìn ṣe.

"Òsì ni àbí ọ̀tún?" bàbá bi ọkùnrin náà.

"Òsì, Bàbá."

Ó fi òsì ṣe é. Ó yé obìnrin náà.

"Ó ní òun máa gbé ọmọ náà wá fún mi. Bó gbọ́, bí kò gbọ́, èmi ni kí n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́."

Kó tó sọ ọ́ tán fún ọkọ rẹ̀, ó ti ń fèsì fún ọmọ.

"Fi èjìká há fóònù rẹ," bàbá sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. "Dúró síbi tí ìyàwó rẹ á ti rí ọ. Ìyá rẹ̀ ń dáhùn. Bí mo bá ṣe ní kó o gbé e ni kó o gbé e. Ọwọ́ méjèèjì la máa lò."