Owó Inú Èjìká

Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni. Ìka tí abẹ́rẹ́ ti ń gún láti bí ogún ọdún, tí orí rẹ̀ ti le bí awọ bàtà. Ó nà án síwájú, ó dá a dúró díẹ̀ lókè bọ́tìnì irin náà, bí ẹni tó ń wá ojú ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọnú aṣọ. Ó tẹ mẹ́rin. Ó mí. Ó tẹ mẹ́ta. Ó tẹ mẹ́fà. Ìka náà fà sẹ́yìn, ó nu ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóòtù, kó tó lọ tẹ ọ̀kan.

Ẹ̀rọ ìpọwó náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ nǹkan pupa sójú, ó sì gbé káàdì mì káló.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló bi í. Tíṣà ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Òun ló gbọ́ èdè ìlú òkèèrè tí wọ́n wà yìí, ìdí nìyẹn tó fi bá a rìnrìn àjò.

"Ó ti gbé e."

"Ta ló gbé kí ni?"

"Ẹ̀rọ yìí. Ìgbà kẹta tí mo tẹ nọ́ńbà nìyẹn. Ó ti gbé káàdì mi mì."

Àǹtí Téèpù ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí nílé, torí pé téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà ṣe ọjọ́ ìsinmi. Aránṣọ ni. Aránṣọ tó mọṣẹ́, àmọ́ tí ihò bọ́tìnì ń pa lẹ́kún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán etí ihò bọ́tìnì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọrùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Lọ́dún tó kọjá, iléèwé kan gbé iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù irinwó wá. Ṣẹ́ẹ̀tì parí. Ṣòkòtò parí. Ihò bọ́tìnì ò parí. Ọjọ́ pé, iléèwé dé, wọ́n kó aṣọ wọn, wọ́n gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ yẹn ló búra pé òun á ra ẹ̀rọ tó ń ṣe ihò bọ́tìnì.

Ó sì rí i. Ilé iṣẹ́ kan ń kógbá sílé ní òkèèrè, wọ́n ń ta irinṣẹ́ wọn. Ó fi ìdajì owó ránṣẹ́ láti ilé. Ìdajì tó kù, baba tó ni ilé iṣẹ́ náà ní owó lọ́wọ́ lòun máa gbà, torí òun ti ti àkáǹtì pa. Aago mẹ́rin ọ̀sán òní ló dá fún un. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ láti àárọ̀ tó gbé báàgì owó lé itan, tó ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo ìyàwó oníyàwó. Òwúrọ̀ ọ̀la ni bàálù Àǹtí Téèpù sì máa gbéra.

Aago kan ààbọ̀ nìyẹn.

Wọ́n wọnú báńkì tó ni ẹ̀rọ ìpọwó náà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ò burú. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó mi orí, ó ṣàlàyé fún Tíṣà. Tíṣà yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Wọ́n ní káàdì ilẹ̀ òkèèrè tí ẹ̀rọ bá gbà, báńkì ilé tó ni ín làwọn ń dá a padà fún. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá."

Ọjọ́ mẹ́wàá. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ ògiri. Owó inú káàdì ò sọnù, ó wà nílé digbí. Àmọ́ ohun tó wà nílé ò lè ra ẹ̀rọ lóko.

"Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo gan-an lẹ tẹ̀?"

"Èjìká ìyá wa àti gígùn apá wọn. Ara wọn ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọnṣọ. Ṣé mo lè gbàgbé ìyẹn?"

"Mélòó ni èjìká wọn?"

"Mẹ́tàlélógójì."

Tíṣà fi ọwọ́ wọn èjìká ara rẹ̀. "Mẹ́tàlélógójì ínǹṣì kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, èjìká ìyá wa ni, àbí ti màlúù?"

Àǹtí Téèpù fọwọ́ gbá iwájú orí.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló ti lò ní ilé iṣẹ́ yẹn, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà. Ìgbàkígbà tó bá sì ti dárúkọ ínǹṣì, baba yẹn á na ìka sí i: "Sẹ̀ǹtímítà, màdáámù! Sẹ̀ǹtímítà!" Gbogbo ohun tó rí ló ń yí sí sẹ̀ǹtímítà. Fèrèsé. Tábìlì. Imú baba náà fúnra rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ínǹṣì ni èjìká ìyá wọn, apá wọn jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Orí rẹ̀ ti lọ yí ìyá wọn náà padà láìsọ fún un. Ìka sì tẹ ohun tí orí wí. Lẹ́ẹ̀mẹta. Pẹ̀lú ìdánilójú.

Ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ó gbójú sókè wo aago. Ó wo èjìká ọ̀tún kóòtù rẹ̀. Ó wo ti òsì.

"Tíṣà, dìde. Wá dúró síwájú mi, kí o fẹ ara rẹ bí ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀gbọ́n, inú báńkì la wà o."

"Ṣé mo ní kí o jó ni?"

Nǹkan tó ti sọ kí wọ́n tó kúrò nílé ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ó ti kó owó ilé ṣọ́ọ̀bù ti ọdún tó ń bọ̀, ó fi ra bébà dọ́là méjìlá, ọlọ́gọ́rùn-ún ọlọ́gọ́rùn-ún, iye tó kù láti san lórí ẹ̀rọ náà gan-an. Ó tú kóòtù rẹ̀, ó fi mẹ́fà sínú fóòmù èjìká ọ̀tún, mẹ́fà sínú ti òsì, ó sì rán an padà. Láti ọjọ́ náà kò bọ́ kóòtù yẹn, oòrùn ì báà mú. Tíṣà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi wọ bàálù. "Ẹ wo èjìká sójà! Ẹ̀gbọ́n, ayé ti lajú, káàdì là ń lò. Àwọn baba ńlá wa ló ń fi owó pamọ́ sára."

Ní báyìí, Tíṣà dúró bí ilẹ̀kùn. Kò ní yẹ̀yẹ́ lẹ́nu.

Àǹtí Téèpù fi eyín já òwú èjìká kóòtù. Ó fa ojú rírán. Òun ló rán an, ó sì rán an dáadáa, kò fẹ́ tú. Ó bú ara rẹ̀. Ó tún já a. Fóòmù yọ jáde, owó yọ jáde. Èjìká kan wọlẹ̀, ó ku ìkejì.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣẹ́ńjì owó wà ní òdìkejì títì. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń gbé owó náà sókè sí iná, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó dúró. Ó gbé ẹ̀kẹsàn-án, ó dúró. Ó ti méjèèjì padà.

"Kí ló ní?"

"Ó ní wọ́n ti lu. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára wọn." Tíṣà gbé ọ̀kan sókè, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ wọlé. Ihò mẹ́tàdínlógún tó tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rán owó mọ́ aṣọ."

"Èmi?"

"Ta ni aránṣọ nínú àwa méjèèjì?"

Mẹ́wàá péré ni ọkùnrin náà gbà. Ó ku igba dọ́là, aago mẹ́ta sì ti lù. Àǹtí Téèpù fi ọwọ́ lẹ́rán. Igba dọ́là! Ẹ̀rọ kan odindi, ìdajì owó tó ti san, gbogbo ihò bọ́tìnì ayé rẹ̀, ó dúró lórí igba dọ́là.

Tíṣà wúkọ́. Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkè. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń tú okùn bàtà ẹsẹ̀ òsì.

"Kí lò ń ṣe?"

Ó bọ́ bàtà. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó fa ọ̀rá kan jáde, ó tú u. Ọlọ́gọ́rùn-ún dọ́là mẹ́ta, tó ti rin ìrìn àjò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Àǹtí Téèpù wo owó. Ó wo ẹsẹ̀. "Ayé ti lajú, àbí? Káàdì là ń lò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Àwọn baba ńlá wa ló ń fi owó pamọ́ sára, àbí?"

"Ìyàwó mi ló ní kí n ṣe é."

"Ìyàwó rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Èmi ló sì yàn án fún ọ."

Ìka méjì ni ọkùnrin onípàṣípààrọ̀ fi gba owó Tíṣà, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń gbé e sí iná. Àmọ́ kò sí ihò níbẹ̀. Òórùn kì í ba owó jẹ́. Ó san án pé. Ẹ̀kẹta tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi wọ takisí.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje ni wọ́n já wọ ilé iṣẹ́ náà. Òun ló ṣíwájú, kóòtù rẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí àpò tí wọ́n tú, òwú já lẹ́ja léjìká. Ọkùnrin báàgì ti dìde. Ó ti ṣí báàgì rẹ̀ dé ìdajì.

"Sọ fún un pé kó rọra pa á dé," ni Àǹtí Téèpù wí. "Kí òtútù má wọ owó rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè sọ ìyẹn."

"Kí lo wá bá mi wá ṣe?"

Tíṣà sọ ọ́. Baba oníléeṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó gba owó, ó kà á, ó tún un kà, ó sì yọ bébà tó ti kọ orúkọ ọkùnrin báàgì sí kúrò lára ògiri. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà: ó yá, màdáámù.

Àǹtí Téèpù ṣa àjákù aṣọ kan nílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Gìrrr! Kò tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Ihò bọ́tìnì kan, etí rẹ̀ dì pinpin, kò sí fọ́nrán òwú kan tó yọ. Ó ṣe òmíràn. Ó ṣe mẹ́wàá, ó ṣe ogún, títí àjákù aṣọ náà fi dà bí asẹ́. Ọkùnrin báàgì sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kàn án, ó ṣí fìlà. Tíṣà ń pàtẹ́wọ́. Àǹtí Téèpù ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, tí ẹ̀rọ náà ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nílé, iléèwé mẹ́ta gbé yúnífọ́ọ̀mù wọn wá fún un. Gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó dá. Ó gba aránṣọ méjì kún àwọn tó wà.