Ọjọ́ Tí Mo Wá Ọmọ Mi Dé Etí Kànga

Àkọ́bí mi kò rákòrò bí ọmọ ẹlòmíràn. Sísá ló ń sá. Ọmọ oṣù mẹ́jọ! Bí mo bá gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀, ó ti dé ìdí sítóòfù. Yàrá kan àti pálọ̀ kékeré la gbà ládùúgbò Ìlàrè nígbà náà, nígbà ayé àwọn ológun. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń dáná, ẹ̀yìnkùlé náà sì ni kànga wà.

Mo gbọ́n ọgbọ́n títí. Mo fi ọ̀já so ìbàdí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, títí ọ̀já fi tán, ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń pariwo mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo rán an. Ẹ̀rín pa mí, mo tú u. Mo tún gbé e sínú báàfù ńlá tí mo fi ń fọṣọ, mo fi ìpọnbẹ̀ kan, agolo mílíìkì méjì àti kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ tì í. Báàfù yìí ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Mo fọṣọ, mo gbálẹ̀, mo kọrin, ayé yẹ mí. Ní ọjọ́ kẹrin ó mọ bí wọ́n ṣe ń mi báàfù títí yóò fi dojú dé. Bí mo bá sì pọ̀n ọ́n, yóò tú gèlè mi, yóò fi eyín méjì péré tó ní gé mi léjìká. Ọmọ náà wúwo bí àpò gààrí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé n kò lè bínú sí i ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ìka rẹ̀ kan lé ròrò. Ọkọ mi, ẹni tí kò lè fi ọ̀rọ̀ sínú, kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ní Gbọ̀ngán. Èsì dé kíá: Màmá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá jẹ́ pé n kò ráyè wo ọmọ ni, àwọn yóò mú un lọ, yóò wà lọ́dọ̀ àwọn títí yóò fi tó lọ síléèwé.

Kì í ṣe ìwà ìkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, wọ́n sì yanjú. Ta ni yóò tilẹ̀ wo ojú ìyá ọkọ tí yóò ní rárá? Ṣùgbọ́n n kò fẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò fẹ́, ó ní, “Màmá ni o, kí lo fẹ́ kí n wí?”

Sátidé náà bọ́ sí ọjọ́ sánítéṣọ̀n. Ọkọ̀ kankan kì í rìn kí aago mẹ́wàá tó lù, nítorí náà mo ṣírò pé Màmá kò lè dé ṣáájú aago mọ́kànlá. Kí wọ́n tó dé, ilé á ti máa dán, iyán á ti wà nílẹ̀, ọmọ á ti wẹ̀, èmi náà á sì jókòó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀. Ọkọ mi àti àwọn ọkùnrin ilé ti jáde lọ kó gọ́tà níwájú ilé. Màmá onílé nìkan ló kù, wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Mo gbé ọmọ sínú báàfù, mo fi búlọ́ọ̀kù méjì tì í kó má baà dojú dé. Ó sunkún títí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jó fún un, asán. Mo gbé e pọ̀n, oorun gbé e lọ, mo sì bẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Mo fọ ìkòkò, mo já ẹ̀fọ́, mo tẹ̀ mọ́ ọlọ, mo ń lọ ata. Ẹni tó bá ti pọ̀n ọmọ rí mọ̀ pé ó ń tó àkókò kan tí ẹ̀yìn kì í mọ̀ mọ́ pé òun gbé nǹkan.

Mo gbójú sókè, mo wo báàfù. Òfìfo.

Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo tú àpò èlùbọ́ wò. Kò sí ọmọ. Ìgbà náà ni mo rí i pé ìdérí kànga ṣí sílẹ̀ díẹ̀, èmi tí mo pọnmi láàárọ̀ ni n kò dé e tán. Mo sáré débẹ̀, mo ti ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ọmọ mi sínú kànga. Ohùn mi nìkan ló ń dá mi lóhùn.

Ẹnì kan fà mí sẹ́yìn. Màmá ni! Ẹnuwá tí kò jìnnà sí wa, nílé ìbátan wọn, ni wọ́n ti sùn láti alẹ́ àná, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá.

“Màmá, n kò rí ọmọ mi! Ẹ gbà mí, n kò rí i!”

Wọ́n di apá mi méjèèjì mú. “Ìyàwó, ta ló wà lẹ́yìn rẹ?”

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, ó gbóná. Ọ̀gbẹ́ni ti jí, ó ń jẹ etí gèlè mi jẹ́jẹ́.

Màmá onílé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ìfọkòkò, mo ní, “Màmá, ẹ má mú un lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Mo ṣèèṣì gbójú sókè, mo rí i pé ikùn Màmá ń mì. Ẹ̀rín ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, omijé bọ́ lójú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ tèmi náà, ọmọ sì ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi.

“Wọ́n ní o kì í wò ó ni mo ṣe wá,” Màmá wí nígbà tí èémí wọn padà. “Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ lo wá dé inú kànga! Bí mo bá mú un dé Gbọ̀ngán, èmi arúgbó yìí, ta ni yóò máa wá a báyìí? Kó jókòó sọ́dọ̀ rẹ.”

Wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n dé kànga dáadáa, wọ́n sì jókòó sídìí ọlọ. Wọ́n ní ata mi kò kúnná.