Gúdúsítéè Bàbá Ọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí mánijà báńkì jáde ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ọ̀rọ̀, tí irun kún apá kan orí rẹ̀, tí apá kejì ń dán bí àwo, ni gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti kọjá eré. Àárín ìgẹrun ni bàbá náà pa ẹ̀rọ, tó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ mi tuntun sọ gbólóhùn kan, ká lè máa bá iṣẹ́ lọ."

"Bàbá, mo ní ìpàdé."

"Ìpàdé ò ní sá lọ. Gbólóhùn kan péré."

"Kò sí irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì!"

"Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń bẹ̀ yín."

Mánijà tú aṣọ ìgẹrun kúrò lọ́rùn, ó fìbínú jáde. Wọ́n ní fìlà ọlọ́dẹ ẹnu géètì ló yá dé tó fi ṣèpàdé. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ó padà wá, ó jókòó sórí àga, ó dijú, ó sọ gbólóhùn náà wẹ́rẹ́ bí ọmọ iléèwé. Bàbá Ọ̀rọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ.

Gúdúsítéè ni ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ bó ṣe délé ayé, ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó bí i fún yín. Gbogbo ayé ẹ̀ ló fi gẹrun fún èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irun ló gbà á lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí àjèjì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò sì mọ ilé ẹ̀, la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tí òun dá sílẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan, lójú tiẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú èdè. A máa ní, "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ṣì ń béèrè bàbá ẹ̀, ilé bàbá ẹ̀ ló ṣì ń gbé."

Ẹni tó jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gẹrun ọmọdé ní apá kejì ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń bá a bẹ oníbàárà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ ṣáà sọ ọ́ kẹ́ ẹ máa lọ." Ojú tì í títí ìtìjú gan-an fi sú u.

Tó bá sọ pé, "Bàbá, èdè wọn kọ́ lẹ̀ ń sọ yìí o," bàbá á rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, òyìnbó so oúnjẹ àárọ̀ mọ́ tọ̀sán, wọ́n pè é ní brọ́ǹṣì, ta ló mú wọn? Wọ́n so èéfín mọ́ kùrukùru, wọ́n pè é ní sìmọ́ọ̀gì. Ẹnu èèyàn kan ló ti kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ẹnu áńgẹ́lì. Ṣé tèmi kì í ṣe ẹnu ni?"

Sílífóònù ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀, fún ẹni tó máa ń sùn tòun ti fóònù lọ́wọ́. Àna ẹ̀, ọkọ ọmọ yìí kan náà, ló fi kọ́kọ́ pè. Àna ò yà kí i mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kú sílé.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti bí gúdúsítéè. Tíṣà àgbà kan wà ládùúgbò, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ bàbá ni. Bí Tíṣà bá ti ní gúdúbáì báyìí, á wá di ilẹ̀kùn mú, á máa sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ẹni tó ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ara Bàbá Ọ̀rọ̀ ò gbà á mọ́.

"Tíṣà! Ẹni tó ń lọ ni òyìnbó ń sọ báì fún. Ẹni tó dúró, sítéè ni. Ìwọ ò lọ, o ò sì jókòó. Gúdúsítéè lò ń ṣe!"

"Kò sí nínú díṣọ́nárì," ni Tíṣà dá a lóhùn.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, inú ìwé wo lorúkọ rẹ wà?"

Tíṣà fi ìka kan ilẹ̀, ó na án sókè. Ó búra pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ti ẹnu òun jáde láéláé. Lẹ́yìn náà ló tún dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣàlàyé ìdí tó fi búra.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àjèjì kiri. Á wọ bọ́ọ̀sì láìníbi tó ń lọ, á gbé fóònù sétí láìsẹ́ni tó ń bá sọ̀rọ̀, á wá máa pariwo: "Jọ̀ọ́, má ṣe gúdúsítéè fún mi níbẹ̀ yẹn, máa bọ̀!" Níbi tó ti ń pariwo lọ́jọ́ kan, fóònù náà dún sí i létí. Gbogbo èrò ọkọ̀ yíjú sí i. Ọmọ ẹ̀ ló ń pè, tó fẹ́ mọ ibi tó wà. Bàbá wo ojú àwọn èèyàn, ó ní, "Òmíràn tún nìyí," ó sì gbé e.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ọmọ rẹ̀ a máa lọ bá a gé irùngbọ̀n. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń bi í, "Ìyá mi, àjèjì kankan ti sọ ọ́?"

Ó wù ú kó purọ́. Àmọ́ ó mọ bàbá ẹ̀: á ní ta ni, níbo, aṣọ wo ló wọ̀. "Kò tíì sí, Bàbá," ló máa ń sọ, á sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bàbá má bàa rí omi lójú òun.

Tíṣà wá kí i. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní àkókò ti tó, Tíṣà ní ó dàárọ̀, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó di ilẹ̀kùn mú. Kò sì lọ.

"Tíṣà," ni bàbá pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì, "kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Tíṣà ṣíjú wò ó. "Gúdúsítéè ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "O ṣé, ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe àjèjì. Kò kà."

Nọ́ọ̀sì gan-an rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí Bàbá Ọ̀rọ̀ fi papò dà.

Ṣọ́ọ̀bù wá dákẹ́. Àwọn èèyàn ń gẹrun, wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ gbólóhùn kankan. Mánijà báńkì wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó sì sọ ọ́ fúnra ẹ̀ láìsẹ́ni tó bi í. Ọmọ náà ní láti pa ẹ̀rọ kó tó lè nu ojú.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, ọmọ yìí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí apá ibi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má ṣe gúdúsítéè o, ọkọ̀ ò ní dúró dè wá."

Ọmọ Bàbá Ọ̀rọ̀ yíjú sí i kíá. "Àbúrò, jọ̀ọ́, kí lo sọ yẹn?"

"Gúdúsítéè? Ẹni tó ní òun ń lọ, tí kò lọ. Ẹ ò gbọ́ ọ rí ni?"

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Haba, Àǹtí! Òyìnbó ni. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́."

Ó ti fẹ́ sọ pé, "Bàbá mi ló bí i." Ó ti dé orí ahọ́n. Ló bá rántí ohun tí Bàbá máa ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tó ṣì ń gbé ilé bàbá ẹ̀, ó gbé e mì. "Ó mà dùn létí o," ló sọ.

Ọkọ̀ dé ibi tó ti máa sọ̀. Ó dìde, ó ní ó dàbọ̀, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó di irin mú, ó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀dọ́bìnrin náà, ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lójú ẹ̀. Awakọ̀ dúró dè é, dúró dè é, ó sú u.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń sọ̀ ni, àbí gúdúsítéè lẹ̀ ń ṣe?"

"Gúdúsítéè ni," ló fèsì, ó sì tún dúró díẹ̀ sí i.