Ọta Méjì Tí Mi Ò Fọwọ́ Kàn

Ara mi kì í balẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé mi ò jókòó jẹun tán rí, pé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbé òkèlè ìkẹyìn mì. Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà pa ló wá burú jù. Ìdí-Ìrókò ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà nígbà náà, aṣọ tó ń wọlé láti Kútọnu ni mo sì fi ń jẹun. Wọ́n ní kí nǹkan kan má wọlé mọ́. Wọ́n tún ní kí àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà má ta epo mọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń wo àwọn sójà, tí àwọn náà ń wò mí. Nígbà tó sú mi, mo di maṣíìnì mi sẹ́yìn ọ̀kadà, mo gba ilé Bàbá mi lọ ní Ayétòrò.

Ọdẹ ni Bàbá mi. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ọdẹ ni yóò sọ. Ìbọn rẹ̀ kì í ṣe ṣakabùlà. Èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín ni, tí wọ́n á ti katiríìjì kan bọ̀ ọ́ nídìí, tí wọ́n á sì pa á dé. Ọwọ́ àwọn ọdẹ òdìkejì bọ́dà ló ti máa ń ra katiríìjì náà. Bọ́dà pa, katiríìjì tán. Àwọn ọ̀yà ò gbọ́ pé bọ́dà pa ní tiwọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa lọ ràì.

Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn èèpo katiríìjì tó ti yìn, ó ń dì wọ́n padà. Irin bàbà kékeré kan wà ní ìdí katiríìjì, kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Òun ni abẹ́rẹ́ inú ìbọn máa ń gbá kí iná tó ràn. Bí wọ́n bá fi tuntun rọ́pò èyí tó ti jó, ó gbọ́dọ̀ jókòó sínú ihò rẹ̀ pẹ́rẹ́sẹ́. Bó bá yọrí síta, kódà kó má ju nínípọn èékánná lọ, ìbọn ò ní fẹ́ dé. Òfin Bàbá ni pé ìbọn tó bá ń kọ̀, ẹ má tì í. Ẹ yọ ọta inú rẹ̀ jù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ti pa ìka Bàbá. Ó lè di abẹ́rẹ́ mú kó má mọ̀. Kò sọ fún ọdẹ kankan, torí ó mọ̀ pé wọ́n á ní kóun fi ìbọn sílẹ̀, ìbọn yẹn sì ni ayé rẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún, nítorí ìka télọ̀ ló nílò. Bó bá dì wọ́n tán, á tò wọ́n sórí tábìlì, ìdí sókè, èmi á wá fi àtàǹpàkò ra ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọrí, màá yà á sọ́tọ̀. Iṣẹ́ náà máa ń sú mi, mi ò sì fi pa mọ́. Mo ní bọ́dà lé mi kúrò nídìí aṣọ, mo wá di ẹni tó ń yẹ ìdí ọta wò. Bàbá á kàn máa rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan tẹ̀ mí láago pé ilé ìwé kan ní Ìdógò ń wá télọ̀ tí yóò rán yunifọ́ọ̀mù, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n á fún. Ọlọ́kadà ti dé, ó ń fọn fèrè lemọ́lemọ́ níta. Ọta mẹ́fà wà lórí tábìlì. Mo fi àtàǹpàkò ra ìdí mẹ́rin. Mo fi ojú lásán wo méjì tó kù, mo rí i pé wọ́n ń dán, mo gbé báàgì mi. Bàbá béèrè bí wọ́n ṣe rí.

“Wọ́n dáa, Bàbá. Gbogbo wọn ló dáa.”

A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ọta méjì tí mi ò fọwọ́ kàn. Mo pe Bàbá, kò gbé e. Mo pè é títí. Nígbà tí mo dé Ìdógò, ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà, èyí tí ì bá sì bí mi nínú lọ́jọ́ mìíràn kò tilẹ̀ dùn mí. Mo ní kí ọlọ́kadà yí padà kíá. Epo tán mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ilé epo méjì tí a bá, títì pa ni. Mo fi ọlọ́kadà sílẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn, mo ń bú ìjọba, mo ń bú ọlọ́kadà, mo ń bú ara mi.

Èrò ni mo bá níwájú ilé. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti fi aṣọ wé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ náà. Ó ní ìbọn kọ̀, kò fẹ́ dé, òun sì fi orúnkún tì í. Bó ṣe dé ló yìn. Ẹnu ìbọn kọ ilẹ̀, ọta sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù lọ. Nọ́ọ̀sì kan láàárín èrò ní kó dúpẹ́, pé odindi ẹsẹ̀ ni ì bá lọ. Gbogbo wọn ń béèrè ohun tó mú un fi agbára ti ìbọn. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti ní wọ́n dáa.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọdẹ dé. Àwọn ọdẹ tiwa ní òfin kan: bí ìbọn bá ṣe ọdẹ léṣe, wọ́n á béèrè ọwọ́ ẹni tí àṣìṣe ti wá. Bó bá jẹ́ ti ọdẹ náà fúnra rẹ̀, yóò fi ìbọn sílẹ̀ títí ayé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà ò gbọdọ̀ gbé abẹ́ òrùlé ọdẹ kankan mọ́ nílùú. Olórí ọdẹ jókòó, ó mu omi, ó béèrè ẹni tó yẹ ọta náà wò.

Èmi ni mo gbé omi náà wá. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Èmi tí mo bá kọ́sítọ́ọ̀mù jà ní gbangba bọ́dà! Mo rò ó pé bí wọ́n bá lé mi jáde níbí, kò sí ibòmíràn tí màá gbé maṣíìnì mi sí. Ẹ̀rù bà mí, mo pa ẹnu mọ́.

“Èmi ni,” ni Bàbá wí. “Ìka mi ti kú, mi ò sì sọ fún yín.”

Wọ́n gbé ìbọn náà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá á jókòó sí ẹ̀yìn ilé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá gbọ́ ìró ìbọn lọ́nà jíjìn, á gbé orí sókè, á sì tún gbé e sílẹ̀. Mo fara dà á fún oṣù méjì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sọ fún un pé mẹ́rin péré ni mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní kí wọ́n tó rí òun he lóko, òun ti fa ọta kan tó kù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ nínú àpò, nígbà tí ìka ò sì lè sọ nǹkan kan fún òun, òun fi ètè ra ìdí rẹ̀. Irin bàbà náà yọrí síta gedegbe.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kí wọ́n gba ìbọn.

“Ìbọn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi,” ó ní. “Ká ní mo sọ òótọ́, ọmọ ni wọn ì bá gbà.”