Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè É Létí Òkun

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tó jẹ́ pé orí itan ni mo ń jókòó sí nínú ọkọ̀ èrò tròtrò kí bàbá mi má baà sanwó àyè méjì, òkun la máa ń lọ bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Moshie Zongo ní Kumasi, mo mọ̀ pé ẹ jowú mi. Ẹ rò pé olówó ni wá. Bàbá mi tó ń ta àgádágodo ní Adum kò lówó òtẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń ní ẹni tó bá ń kírun kì í sùn síta, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí la máa ń tẹ́ ẹní sí, ní Winneba, ní Cape Coast, ní Elmina.

Oúnjẹ ibẹ̀ kò wọ́n. Dọ́kọ́nó àwọn Fante la máa ń rà, tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, tó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Bàbá ní ẹ̀kọ tó pẹ́ lọ́nà ni. A ó fi ẹja díndín àti ata dúdú jẹ ẹ́, ètè mi á máa ta mí. Lọ́jọ́ kan mo sáré wọnú omi láìgbàṣẹ, ó ní kí n kúnlẹ̀ sórí iyanrìn kí n nawọ́ sókè. Bí mo ṣe rí alákàn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo figbe ta, bàbá sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ìyà náà. Kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ ní Kumasi.

Mo dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe fàájì la ń bá lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Làsísì, ni bàbá mi ń wá. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gáná, kí wọ́n tó bí mi, àwọn ará ilé kó ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Etí òkun ni Làsísì ti ń tajà, wọ́n rò pé yóò bá wọn nílé. Kò dé. Nígbà tí bàbá mi ń padà sí Kumasi, ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ọmọ òun rí kí òun tó kú.

Ní Anomabo, apẹja kan sọ fún un pé Àlàtà kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Ó ní Kofi lorúkọ rẹ̀. Bàbá mi mirí, ó ní ọmọ bàbá òun tó ti ṣe wòlímọ̀ kò lè máa jẹ́ Kofi. A wọkọ̀, a lọ.

Ọdún díẹ̀ kọjá kí a tó tún gba ibẹ̀. Obìnrin Fante kan ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Kóósé ni gbogbo Gáná ń pè é, ṣùgbọ́n òun ń polówó "àkàrà". Bàbá dúró. Ó fi Twi bi í pé ta ló kọ́ ọ. Obìnrin náà ní ọkọ òun ni, Kofi Àlàtà. Làsísì ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn sì ṣòro fáwọn inú ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n bá bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i. Ó ní Jímọ̀ ni, wọ́n sọ ọ́ di Kofi, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Jímọ̀. Òjò tó kọjá ló kú.

Ó wá tẹjú mọ́ bàbá mi, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ ni àbúrò," ó ní. "Ó ní àbúrò máa wá."

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná àkàrà. Mi ò rí i kó sunkún rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Nínú ọkọ̀ kò jẹun, kò mumi. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Wọ́n sọ fún mi. Èmi ni mo ní kì í ṣe òun." A ò lọ sí òkun mọ́. Ìyá wọn ò pẹ́ láyé lẹ́yìn tó gbọ́.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ Kumasi ń lọ sétí òkun lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò dọ́kọ́nó kí wọ́n tó jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì rìnrìn àjò wá èèyàn mọ́, fóònù ni wọ́n fi ń wá a. Inú mi ń dùn sí i, ó sì ń dùn mí. Ọmọ mi Sùlè lọ kàwé ní Cape Coast lọ́dún yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí, mi ò tíì bi í bóyá ó ti jẹun, mo ní kó sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ fún mi.