Àjàmú, Ẹni Tó Pe Ẹgàn ní Ẹgàn

Pèrègún bíi mélòó kan àti igi akòko kan ni Jeremiah Àjàmú rí lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀jìgbò tó fi ké sí òyìnbó pé ahoro nìyí, pé àwọn ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí kí wọ́n tó ṣí kúrò. Ọdún 1947 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí ìjọba fi ṣọ́ igbó. Òyìnbó dúró. Adéyẹmọ ògbufọ̀ náà dúró. Wọ́n ń retí kí ó fi ibi tí ògiri wó sí hàn wọ́n. Àgbẹ̀ kan ló jáde láti inú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tó ní kò sẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀ rí. Ààlà ni. Bàbá òun ló gbin pèrègún náà kí oko ẹlòmíràn má baà wọ tiwọn. Adéyẹmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun náà ló sì gbé ìtàn náà dé Ìsúndúnrin tí í ṣe ìlú Àjàmú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Àjàmú ní Baba Ahoro, nígbà tí kò tíì bí ọmọ kan.

Àṣìṣe kékeré ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà yóò sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé pèrègún tí a fi pa ààlà kò yàtọ̀ sí pèrègún ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dun Àjàmú. Ó pinnu pé òun kò tún ní fi igi díẹ̀ pe ilẹ̀ lórúkọ mọ́ láéláé.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ ọ́ sódì. Ìjọba fẹ́ fi ìwọ̀nba ẹgàn, igbó tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí rí, tó ṣẹ́kù ní agbègbè Ẹ̀jìgbò ṣe igbó ọba, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní gé igi tàbí dá oko. Ibi tó bá jẹ́ oko tàbí ahoro, wọn yóò fi sílẹ̀ fún ìdílé tó ni ín. Ẹnìkan ní láti rìn ín kí ó sì sọ èyí tó jẹ́ ẹgàn àti èyí tí kì í ṣe ẹgàn. Iṣẹ́ Àjàmú nìyẹn.

Àwọn ènìyàn a máa pe gbogbo ibi tí igi bá ti pọ̀ ní igbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí eruwà bá ti gba ilẹ̀, tí igi òrí àti igi ìgbá dúró jìnnà síra wọn láàárín rẹ̀, ọ̀dàn ni. Ibi tí arère, ìtà àti àràbà bá ti pọ̀jù, tí oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀, ẹgàn ni. Ibi tí omi kì í gbẹ tán, tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ tí a ń dá ẹmu lára rẹ̀ sì ti jọba níbẹ̀, àbàtà ni. Ahoro ní tirẹ̀ máa ń ní ọ̀pẹ tó ṣù jọ, pẹ̀lú ìyeyè àti akòko, lórí ilẹ̀ gíga tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le. Àjàmú a wo igi tó pọ̀jù, a wo ilẹ̀ tó ń gbé e, lẹ́yìn náà ni yóò tó la ẹnu.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi kan ilé tiwọn. Lẹ́yìn odò tó wà níhà oko wọn ní Ìsúndúnrin ni igbó ńlá kan wà. Ògúndìran, ẹ̀gbọ́n bàbá Àjàmú tó ti di olórí ilé, ti ń wo igbó náà fún kòkó láti ọjọ́ pípẹ́. Ògúndìran yìí kan náà ló gba ilẹ̀ bàbá Àjàmú nígbà tí ó kú, tó ní ọmọdé ni ọmọ tó fi sílẹ̀. Ọmọdé náà dàgbà, ó gba ìrìbọmi, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba, ilẹ̀ kò padà.

Ògúndìran pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní kí ó sọ fún òyìnbó pé ahoro ni igbó ẹ̀yìn odò, pé bàbá ńlá wọn ló tẹ̀ ẹ́ dó kí ogun tó lé wọn kúrò.

“Bí o bá sọ ọ́, ilẹ̀ bàbá rẹ di tìrẹ lọ́jọ́ náà. Bí o kò bá sọ ọ́, lọ wá ilé mìíràn tí wọn yóò ti bí ọ.”

Àjàmú ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná.”

“Kí lo fẹ́ wò? Ìwọ tó sọ ààlà dilé fún òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé tiwa ni o kò wá lè sọ dilé?”

Àwọn ọmọ Ògúndìran tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àjàmú dọ̀bálẹ̀, ó jáde.

Ó lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an nígbà náà. Nínú igbó náà, nísàlẹ̀, nítòsí odò, ó rí gbangba kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí àgbàlá, tó sì gbẹ tó ń sán. Yíká àgbàlá yìí ni akòko àti pèrègún dúró sí, ojú àdá ṣì wà lára wọn. Kò nílò ẹni tí yóò bi léèrè. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Ògúndìran ni. Akòko kò ṣòro láti gbìn, igi rẹ̀ ni wọn yóò gé tí wọn yóò rì mọ́lẹ̀, yóò sì hu ewé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ojú sókè, ọ̀gọ̀rọ̀ ló rí yí gbangba náà ká, èyí tó dàgbà àti èyí tó ń hù, imọ̀ wọn ti wọ ara wọn. Àbàtà ni wọ́n rí nígbà tó gbẹ tí wọ́n fi rò pé ilẹ̀ ilé ni.

Ó lè padà lọ sọ fún wọn. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀, àyè ṣì wà láti kó igi náà lọ sórí òkè. Ó rántí ẹ̀rín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dé ilé, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọpẹ́ ìyá rẹ̀ ló wá bá a ní yàrá. Kò jókòó. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun ti ń tọrọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà, òun ti kúnlẹ̀ fún ẹni tí òun kò lè bọ̀wọ̀ fún.

“Wọ́n ti wá gbé e lé ọ lọ́wọ́. O fẹ́ dà á nù nítorí igi.”

Àjàmú ní ahoro kọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ní òun kò bi í bóyá ahoro ni.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí òyìnbó dé. Ògúndìran ló síwájú, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà tààrà lọ sí àgbàlá wọn. Omi ti gba gbogbo rẹ̀. Akòko dúró nínú omi bí ẹni tó ń sọdá, ewé orí wọn ti pọ́n. Ògúndìran kò mira. Ó ní odò ló ya wọ ibẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, pé ilẹ̀ gbígbẹ ni nígbà ayé bàbá ńlá òun. Òyìnbó yíjú sí Àjàmú. Adéyẹmọ ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó túmọ̀ ìbéèrè náà.

“Baba Ahoro, wọ́n ní ṣé ahoro ni?”

Ẹ̀rín tún sọ láàárín àwọn ọmọ Ògúndìran. Àjàmú dúró títí ó fi parí.

“Àbàtà ni,” ó ní. “Ọ̀gọ̀rọ̀ ló ni ín, ó sì ti ni ín kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ènìyàn kì í kọ́lé sínú omi. Òkè lọ́hùn-ún yẹn, arère àti ìtà ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ kò ní rí ọ̀pẹ kan. Ẹgàn ni. Etí igbó tó kọjú sí ìlú nìkan ni oko, tiwa sì ni.”

Ògúndìran wo ọmọ àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Adéyẹmọ, bá mi sọ fún òyìnbó pé a kò mọ ọkùnrin yìí nílé wa.”

Adéyẹmọ sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Kí Àjàmú tó dé ilé, ẹrù rẹ̀ ti wà níta nínú òjò, ẹní, àpótí, Bíbélì. Ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ wà ní títì. Ó kan án, ó pe orúkọ ara rẹ̀. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń wúkọ́ nínú ilé, ilẹ̀kùn kò ṣí. Láti ọjọ́ náà, bó bá kí ènìyàn ní Ìsúndúnrin, onítọ̀hún a wo igi. Ó lọ gba yàrá ní Ẹ̀jìgbò, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a máa sún kúrò lórí àga tó bá jókòó sí.

Àwọn kan ń sọ títí di òní pé ó ta ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ fún òyìnbó. Irọ́ ni. Etí igbó tó pè ní oko, ìdílé náà ló ni ín títí di òní, kòkó Ògúndìran sì ti so lórí rẹ̀. Wọn kò fún Àjàmú ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbẹ̀. Àwọn kan náà wà tó ń sọ pé nítorí òtítọ́ nìkan ló ṣe ṣe é. Ìyẹn náà kò pé. Ẹni tó fẹ́ òtítọ́ nìkan ì bá ti sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí kò tíì sí òyìnbó níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pa ààlà igbó ọba tán, iṣẹ́ tán, wọ́n sì dá a dúró bí wọ́n ti dá àwọn yòókù dúró. Ó bá àwọn oníṣòwò Ẹ̀jìgbò tó ń lọ sí Kodifuá nílẹ̀ àwọn Faransé lọ. Ìyá rẹ̀ kú lẹ́yìn tó lọ. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i.

Joanna, obìnrin oníṣòwò kan láti Ẹ̀jìgbò, ló rí i gbẹ̀yìn, ní ọdún 1956. Àjàmú ń ta abọ́ nínú ọjà kan ní Àbíjàn.